Ọjọ́ Tí Òjò Bá Wa Lórí Àpáta Ẹ̀gẹ́

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Iléṣà ni àwọn ará ilé ti ń bi mí pé kí ló sun mí báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tilẹ̀ ti sọ mí lórúkọ lẹ́yìn mi: Àǹtí Èédú. N kò bá wọn jà. Ẹni tó bá lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Lọ́kọ́ja ní ìparí oṣù kẹta, tó sì gbé àwọ̀ tó gbé lọ padà wálé, inú yàrá ló jókòó sí.

Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya ìkùukùu sójú pátákó, tí mo ń dárúkọ afẹ́fẹ́ àti oríṣiríṣi òjò. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín bó ti yẹ, nítorí ojú ọjọ́ gan-an ló sọ mí di òpè lójú ọ̀nà náà.

Ìyá mi ló rán mi. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Lọ́kọ́ja; ọkọ ló gbé e wá sí Iléṣà. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo ló ní, Ìyá Dúró, ọdún kọkànlá sì rèé tí Ìyá Dúró kò bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, odò kún, omi bo títì mọ́lẹ̀ kí ènìyàn tó wọ Lọ́kọ́ja. Àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kọjá. Ìyá mi dúró, ó wo omi náà, ẹ̀rù bà á, ó yí padà. Wọ́n sin òkú láìsí i níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, a máa ń gbọ́ tí ẹni tó gbé e ń sọ pé, "Màmá, ti Iléṣà ni o," a ó sì gbọ́ tí wọ́n dá fóònù padà fún un láìsọ nǹkan kan.

Ní báyìí, orúnkún kò jẹ́ kí ìyá mi lè rìn jìnnà mọ́. Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ìwọ tó o máa ń ya fídíò àwọn ọmọ ilé-ìwé yìí, lọ bá mi ya ilé wa wá. Ya ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá bá mi sọ̀rọ̀, mo dúpẹ́. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ṣáà jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀."

Mo ní màá ṣe é. Fóònù kan ni mo mú dání, àti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé, àti máìkì kékeré kan tí wọ́n ń fi há ọrùn aṣọ.

*Ooru*

Bí mo ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò ní Lọ́kọ́ja ni ooru gbá mi lójú. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀: òkè wà lẹ́yìn ìlú, odò wà níwájú, afẹ́fẹ́ kò ráyè fẹ́ dáadáa. Kíkọ́ yàtọ̀. Aṣọ tí mo wọ̀ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn kí n tó ka ení dé ẹ̀wá.

Ọ̀rẹ́ mi Kẹ́mi, tí a jọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló gbà mí sílé. Ọmọ Yàgbà ni, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó sì ń gbé ní Lókóńgómà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀. "Ọ̀kun o," ló fi kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń kọjá, "Ọ̀kun," àwọn náà. Àárọ̀ ni, ọ̀sán ni, iṣẹ́ ni, ìsinmi ni, Ọ̀kun náà ni. Nílé wa, ìkíni mẹ́wàá la máa ń lò kí oòrùn tó kàn àtàrí. Mo sọ fún un pé àwọn èèyàn rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èémí.

"Ooru ló kọ́ wa," ló dáhùn. "Gbọ́ o, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kó o máa ya fídíò rẹ. Ọ̀sán, fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò gbà á. Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, mo ti wà létí odò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Àtijọ́, mo fẹ́ ya ibi tí Odò Ọya àti Bínúé ti pàdé. Ẹ wò ó, òtítọ́ ni ohun tí ìyá mi máa ń sọ fún wa ní kékeré. Ọ̀kan pọ́n bí omi ẹrẹ̀, èkejì ṣe bí ewéko, wọ́n jọ ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tí kò tíì parí ìjà. Obìnrin kan tó ń ta ẹja tútù wò mí títí, ó ní, "Madam, wetin you dey find for this sun?" Bàbá Haúsá kan fa àga lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀ fún mi, ó ní "Sannu, sannu," ó sì na omi inú ọ̀rá sí mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀, àánú mi sì ń ṣe gbogbo wọn.

Fóònù kọ ọ̀rọ̀ sójú pé ara òun ti gbóná jù, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ wá wo ọgbọ́n olùkọ́ jọ́gíráfì: mo tì í bọ inú kúlà omi tútù obìnrin kan kó lè tètè tutù. Nígbà tí mo yọ ọ́, ìrì ti bo ojú rẹ̀ láti inú. Gbogbo ohun tí mo yà lọ́jọ́ náà dà bí ohun tí ènìyàn rí láti inú èéfín ìkòkò ẹ̀wà. Èmi tí mo ń kọ́ni bí ìrì ṣe ń sẹ̀! Kẹ́mi fi mí rẹ́rìn-ín títí a fi jẹ máàsà, àkàrà ìrẹsì àwọn Haúsá, tán.

*Ìyá Dúró*

Ní abúlé ìyá mi, tí mo dé lọ́jọ́ kẹta, wọn kì í bi àlejò léèrè ohun tó bá wá kó tó mu omi, wọn kì í sì í bi í títí tó fi jẹun tán. Mo jẹ iyán, mo jẹ ẹja, mo sọ nípa ọ̀nà. Wọ́n ń sọ Ọ̀wọ́rọ̀ tiwọn. Bí wọ́n bá yára, ìdajì rẹ̀ ni mo ń gbọ́. Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀ ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí kí ẹ lè bá mi lọ.

Ìyá Dúró jókòó síwájú mi, ó ga, ó gbẹ, ojú rẹ̀ sì jọ ti ìyá mi débi pé n kò lè wò ó pẹ́. Mo kúnlẹ̀.

"Ọ̀kun," ló wí. "Ìwọ lọmọ Bọ́sẹ̀."

"Èmi ni, Màmá."

Ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè bóyá iṣu wọ́n ní Iléṣà. Kò béèrè ìyá mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo to ẹ̀rọ mi sí àgbàlá, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Kò gbé ojú sókè.

"Gbogbo ẹni tó wá sin ìyá wa ni omi rin gbingbin," ó ní. "Arúgbó wà nínú wọn, aláboyún wà nínú wọn. N kò ní ọ̀rọ̀ kan bá ẹni tí aṣọ rẹ̀ gbẹ sọ."

Ó gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó wọlé. Nígbà tí mo wo ohun tí mo yà, oòrùn ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú bí àwọ̀ ìkòkò. Afẹ́fẹ́ sì ti fẹ́ wọ inú máìkì, kò sí ohun tí ènìyàn lè gbọ́ ju hòò-hòò lọ. Inú mi dùn díẹ̀. Ó kéré tán, ìyá mi kò ní gbọ́ ìyẹn.

*Orí àpáta*

Lẹ́yìn abúlé, àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó fẹ̀ ju pápá ilé-ìwé wa lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ sínú omi, kó lè gbẹ fún láfún. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ pààlà. Lójú oòrùn, gbogbo rẹ̀ funfun débi pé ojú ń ro ènìyàn.

Lọ́jọ́ karùn-ún ìrìn-àjò mi, fóònù mi sọ pé oòrùn ni títí di alẹ́. Ìyá Dúró wo orí òkè, ó fi imú fa afẹ́fẹ́, ó ní òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo rẹ́rìn-ín sínú. N kò rí ìkùukùu kan tó tó àtẹ́lẹwọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni ẹnìkan ké láti orí àpáta: "Òjò o!"

Ojú ọ̀run lẹ́yìn òkè ti dúdú bí omi aró. Erùpẹ̀ pupa ń fò. Láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ ni àwọn ènìyàn ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n, abọ́, àpò, aṣọ ìró: àfáà ká agbádá rẹ̀ sọ́rùn, ìyá ìjọ bọ́ bàtà dání. Ìmọ́lẹ̀ kan yọ lábẹ́ ìkùukùu náà, ó tàn sára ẹ̀gẹ́ funfun yẹn àti àwọn ẹ̀yìn tó tẹ̀ yẹn. N kò rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé fóònù mi lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo dúró, mo ń yà á. Ẹ̀gẹ́ kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo rántí pé mo yẹra fún un kó má baà dí mi lọ́wọ́.

Òjò dé. Mo fi ara bo fóònù, mo sá wọ abẹ́ àjà. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, èyí nìyẹn, èyí ni ìyá mi máa wò tí yóò sunkún.

Ìyá Dúró wọlé tẹ̀ lé mi, omi ń ro lára rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, agbọ̀n méjì ló gbé.

"Ṣé o rí wa dáadáa?"

"Mo rí yín, Màmá."

"Ó dára."

Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n bu iyán fún mi, wọ́n fi ẹran tó tóbi jù sínú abọ́ mi, wọ́n ń pè mí ní àlejò. Ìgbà náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í ni mí. Nígbà tí Ìyá Dúró ń gbé omi ìfọwọ́ kalẹ̀ fún mi, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń sọ iye ọjà: "Bọ́sẹ̀ náà dúró ni. Ó ń wo omi."

A máa ń sọ ọ́ nílé pé ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Èmi náà máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ nígbà tí mo bá fẹ́ kí wọ́n jọ gbá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀run ya lójú mi, mo sì ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Ojú tì mí gidigidi.

*Ọ̀bẹ*

Ti Mẹ́múnà, obìnrin kan ládùúgbò Ìyá Dúró, ni ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ó ti gbé láfún lọ sí Lọ́kọ́ja láàárọ̀ ọjọ́ náà láti tà á. Nígbà tó dé, òjò ti pa èyí tó sá sí orí àpáta, ó ti ń dúdú létí, ó sì ti ń rùn kíkan. Ewúrẹ́ ló kù tí yóò jẹ ẹ́. Mo lọ bá a nílé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó jẹ́ kí n san án. Ó kọ owó náà.

"Àlejò lójú, kò fi ríran," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín, kò sì sí ìkà nínú ẹ̀rín náà. Ó wá ṣàlàyé fún mi, bí ènìyàn ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọdé. "Bí wọ́n bá ké òjò, kò sẹ́ni tó ń jókòó. A kì í béèrè ta ló ni ín. Ti ẹni tí kò sí nílé la kọ́kọ́ ń kó, torí ẹni tó wà nílé á sáré kó tiẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wọ́n rò pé o máa kó o. Ṣé o ti gbọ́? Mú ọ̀bẹ, wá jókòó."

Mo ti fóònù bọ àpò. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bá Mẹ́múnà bẹ ẹ̀gẹ́ tuntun. Ọwọ́ mi lé ròrò. Àwọn obìnrin ń kọjá, wọ́n ń yẹ iṣẹ́ mi wò, wọ́n ní èèpo tí mo ń bẹ nípọn tó láti bọ́ ìdílé kan. Ìyá Dúró náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

*Báàfù*

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí mo ti ń di ẹrù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ti ró ìró tó dára, ó wé gèlè.

"Gbé nǹkan rẹ wá kí n tó yí ọkàn padà."

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti gbọ́n díẹ̀. Mo gbé àpótí kan sí abẹ́ igi máńgòrò níbi tí ilé ti dí afẹ́fẹ́. Mo fa òwú yọ láti inú ìrọ̀rí, mo fi wé máìkì. Mo jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn tèmi. Ìkùukùu fẹ́lẹ́ bo oòrùn náà, ìmọ́lẹ̀ rọ̀, kò sí òjìji lójú rẹ̀. Mo gbé fóònù lé orí àpótí, mo tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn. Ìyá Dúró wo inú rẹ̀ pẹ́ títí.

"Bọ́sẹ̀," ló wí. Ó tún la ẹnu.

"Òjò o!"

Láti orí àpáta ni. Mo bojú wẹ̀yìn, òkè kò hàn mọ́. Ìkùukùu fẹ́lẹ́ tí mo ń dúpẹ́ fún ti di nǹkan mìíràn lẹ́yìn mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ọwọ́ mi ṣì wà lára fóònù. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi ti ń retí fún ọdún mọ́kànlá wà ní ètè obìnrin yìí, ọ̀la ni mo sì ń lọ. Ìyá Dúró ń wò mí. Kò sọ pé kí n lọ, kò sọ pé kí n dúró.

Mo sáré. Mo wá àyè tí kò sí ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì kó ẹ̀gẹ́ sínú ìró mi. N kò mọ ẹni tó ni ín títí di òní. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Ó rí mi, ó sì pa mí bó ṣe yẹ. A kó ti ilé yẹn tán, a bọ́ sí ti ilé kejì, omi ń wọ̀ mí lójú, Mẹ́múnà ń pariwo sí mi pé kí n má da á sílẹ̀. Ìgbà tí a gbé agbọ̀n tó kẹ́yìn wọlé ni mo tó rántí fóònù.

Báàfù ńlá kan ló dojú dé orí àpótí náà, òkúta wà lórí rẹ̀. Ìyá Dúró jókòó tì í lábẹ́ máńgòrò nínú òjò, ó fi ìborùn bo orí.

"Ẹ̀rọ rẹ wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Omi kò kàn án."

Ó wo aṣọ mi láti òkè dé ilẹ̀. Ó yọ ìborùn náà, ó fún un, ó sì fi nu orí àti ojú mi bí ẹni ń nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, bí òjò bá dá, ṣé a lè tún un bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti sọ ọ́," ó ní. "Lọ pa aṣọ dà."

*Iléṣà*

Ní ilé Kẹ́mi, kí n tó kúrò ní Lọ́kọ́ja, ni mo ti wo fídíò náà. Ìyá Dúró jókòó, ó pe Bọ́sẹ̀, igbe òjò, ẹ̀yìn mi bí mo ti ń sá lọ. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ súnmọ́ tòsí, òjò ti wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń wo fóònù náà bí ẹni ń wo ọmọ tó sùn. Báàfù wá dé e, gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Òjò ń lu báàfù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo pa á.

"Gbọ́ ọ tán jàre," Kẹ́mi ní.

Mo ní èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbé e wálé bẹ́ẹ̀, láìmọ̀ bóyá ìdáríjì ni mo gbé tàbí èpè.

Ìyá mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀. Mo fi odò méjèèjì hàn án nínú èéfín wọn, mo fi àpáta àti àwọn tó ń sáré hàn án. Ó ní ó dára, ó dára, ojú rẹ̀ ń wá ohun mìíràn. Mo wá fi èyí tó kẹ́yìn hàn án. Níbi tí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti súnmọ́, ó ní kí n dá a dúró. Ó fi ìka kàn án.

"Ó ti darúgbó," ó wí.

Mo jẹ́ kó máa lọ. Ojú fóònù ṣókùnkùn. Ìyá mi kò gbé ojú kúrò nínú òkùnkùn náà. Òjò ń lu báàfù, Ìyá Dúró sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bọ́sẹ̀, òjò dé. Ọmọ rẹ sá lọ kó ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Mo ń wò ó láti ibí. Kò mọ̀ ọ́n kó rárá, ó ń dà á sílẹ̀." Òjò nìkan fún ìgbà pípẹ́. "Ó ti rin gbingbin." Òjò. "Ó tó, Bọ́sẹ̀. Omi ti rin ẹnìkan láti ilé rẹ. Ó ti tó." Òjò tún ń rọ̀, mo rò pé ó ti parí. Ohùn rẹ̀ wá dún lẹ́ẹ̀kan sí i, kò pariwo rẹ̀ bí wọ́n ti ń pariwo rẹ̀ lórí àpáta, ó kàn sọ ọ́: "Òjò o, Bọ́sẹ̀. Òjò o."

Ìyá mi sunkún, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà ó di apá àga mú, ó na ọwọ́ kejì sí mi.

"Fà mí dìde. Bá mi wá bàtà mi."

Mo ní, "Màmá, orúnkún yín ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Wọ́n ké òjò," ó ní. "Ta ní ń jókòó?"

Mo fà á dìde.